Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

(Ọ̀rọ̀ ohùn mẹ́rin láti ẹnu akọ̀wé àjọ wa ní Orozo. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó wà lọ́jà tí wọn ò ráyè gbọ́ ọ.)

Ohùn kìíní

  Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Mo ṣèlérí níjọ́ ìpàdé pé màá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín owó àjọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ wọn pé akọ̀wé ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́, pé díẹ̀ ló kù kí owó wa wọ inú ẹ̀rọ lọ. Mo sì gbọ́ pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, a máa dìbò bóyá ká padà sí ìwé nìkan. Ó dáa. Kí a tó dìbò, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣírò àjọ wa, tòkunbọ̀ ni, ti orí tábìlì. Windows tó bá a wá ti gbó, ó ń falẹ̀, ni mo bá gbé Linux sí i. Gbogbo ìdáwó wa ló wà níbẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ àwọn àṣẹ sí. Tó bá ti di òpin ọdún, màá tẹ àṣẹ náà bó ṣe wà nínú ìwé, kọ̀ǹpútà á wọ inú fáìlì méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ṣírò ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá.

Lóṣù kọkànlá, mo pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ ìpín owó, gbogbo yín ti jókòó, mo tẹ àṣẹ inú ìwé mi. Ọ̀rọ̀ pupa ló jáde. Mo tún un tẹ̀, pupa náà ni. Alhaja oníṣu wò mí lójú, wọ́n ní, "Akọ̀wé, owó wa dà?" Ẹ̀yin ará, òógùn bò mí. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ohun tí mo pààrọ̀ yẹn ná, kí n tó sọ bó ṣe parí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé idán ni.

Ohùn kejì

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Orozo. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni. Èmi tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, n ò gbọ́ èdè wọn, Hausa tí mo gbọ́ kò sì ju "nawa ne" lọ. Tí mo bá fẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, àfi kí n wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Mo sọ fún un, ó sọ fún àgbẹ̀, àgbẹ̀ dáhùn, ó gbé èsì padà fún mi. Ògbufọ̀ nìyẹn. Òun kọ́ ló ni iṣu, òun kọ́ ló ni owó. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí níbẹ̀, iṣu á wà nílẹ̀, owó á wà lápò mi, a ò ní í lè nájà.

Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe rí nìyẹn. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kernel ni wọ́n ń pè é. Kóró inú èso ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, bíi ekùrọ́ tí a ń pa. Èèpo tó bo kóró yẹn ni wọ́n ń pè ní shell. Shell yìí ni ògbufọ̀. Ìwọ tẹ àṣẹ, shell gbọ́ ọ, ó gbé e fún kernel, ó sì gbé èsì padà. Fèrèsé dúdú tí ẹ máa ń rí níwájú mi, tí ẹ ń pè ní ojú ìwé àwọn ọmọ yahoo, ibẹ̀ ni ògbufọ̀ jókòó sí. Kò sí yahoo kankan níbẹ̀ o!

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Láàárín 1963 sí 1964, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Pouzin, ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àṣẹ kan náà ni òun ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ó bá ṣe ètò kan tó ń pè ní RUNCOM, tó lè ka àṣẹ púpọ̀ láti inú fáìlì kan, kó sì máa mú wọn ṣẹ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Òun náà ló fún nǹkan yìí lórúkọ shell. Lọ́dún 1965, obìnrin kan ní MIT, Glenda Schroeder, kọ shell àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní Multics. Títí dòní, fáìlì tí a ń kọ ìlànà shell sí ṣì ń parí pẹ̀lú "rc", bíi bashrc, zshrc. RUNCOM Pouzin ló kù síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 1969. Àwọn àgbà wa ò lè gbàgbé ọdún yẹn, ọdún tí ìjọba Busia lé àwọn àjòjì kúrò ní Ghana, tí àwọn ènìyàn wa fi ìsọ̀ àti gbèsè sílẹ̀ ní Tamale àti Kumasi tí wọ́n padà wálé. Ọdún yẹn náà ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ní New Jersey. Lọ́dún 1971, Unix jáde pẹ̀lú shell tí Thompson kọ.

Ohun kan tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Wọn ò kọ́ ògbufọ̀ mọ́ ara ilé. Ètò bíi ètò yòókù ni wọ́n fi í ṣe, tó dúró láyè tirẹ̀. Ìyẹn ni pé tí ògbufọ̀ yìí ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè mú òmíràn láìfọwọ́ kan ọjà, láìfọwọ́ kan iṣu, láìfọwọ́ kan owó. Gbogbo ìtàn tó kù, orí èyí ló dúró lé.

Ohùn kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, iná lọ lẹ́ẹ̀kan, orí fóònù ni mo wà báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Shell Thompson kéré, kò lè ṣe ohun púpọ̀. Lọ́dún 1979, Stephen Bourne, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, mú òmíràn jáde. Òun ló kọ́ ògbufọ̀ láti sọ pé "fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ṣe báyìí báyìí, kó o wá sọ pé ó parí". Èdè tí mo kọ sínú ìwé kékeré mi nìyẹn: for, do, done. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Bill Joy ní Berkeley ṣe tirẹ̀, C shell, tó máa ń rántí àwọn àṣẹ tí o ti tẹ̀ sẹ́yìn kí o má baà tún un tẹ̀. Lọ́dún 1983, David Korn mú tirẹ̀ náà wá, ó kó dídára méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ shell Bourne ní olówó. Ilé-iṣẹ́ AT&T ló ni ín, àfi kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Richard Stallman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Brian Fox, síṣẹ́ láti kọ shell tí kò ní olówó. Bash jáde lọ́dún 1989. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ: Bourne-again shell. Wọ́n ń fi orúkọ Bourne ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn àtúnbí. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín wa, ẹ ò rí i pé kọ̀ǹpútà náà ti di àtúnbí!

Lọ́dún 1990, Paul Falstad, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Princeton, kọ zsh. Orúkọ tí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kan níbẹ̀, Zhong Shao, fi ń wọ kọ̀ǹpútà ló mú fún un. Lọ́dún 2005, Axel Liljencrantz láti Sweden mú fish jáde, èyí tó ń fi àwọ̀ hàn ọ́ bóyá ohun tí o ń tẹ̀ tọ̀nà, tó sì ń dábàá ìyókù kí o tó tẹ̀ ẹ́ tán. Fish yìí ni mo gbé sí kọ̀ǹpútà wa lóṣù kọkànlá. Ojú mi ti ń ṣú lálẹ́, ìrànlọ́wọ́ yẹn sì wù mí.

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ló dé tí a ò fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ọkàn wa balẹ̀? Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Stéphane Chazelas rí ihò kan nínú Bash tí olè lè gbà wọlé. Shellshock ni wọ́n pè é. Ihò yẹn ti wà níbẹ̀ láti 1989, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, ojú gbogbo ayé ò tó o. Wọ́n dí i kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ògbufọ̀ méjì lọ́jọ́ yẹn ní ibi tó lè yà sí. Lọ́dún 2019, Apple náà sọ zsh di shell tó ń bá kọ̀ǹpútà wọn tuntun wá dípò Bash. Wọn ò yọ Bash kúrò, wọ́n kàn sún un sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì jìnnà sí wa o. Lọ́dún 2007, nínú FCT wa yìí, ní Galadima, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé àti funfun, ti iṣẹ́ One Laptop per Child. Linux ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tó bá sì fẹ́ lè ṣí fèrèsé ògbufọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ru sókè. Naijiria ní kí wọ́n kó Classmate PC 17,000 wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú Linux ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé. Lójijì, ẹni tó fẹ́ kó wọn wá ní òun máa san owó Mandriva, ṣùgbọ́n òun máa pa á rẹ́, òun á fi Windows sí i. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ní gbangba sí ọ̀gá Microsoft. Nígbà tó yá, àjọ ìjọba tó ń san nínú owó náà, USPF, ní rárá, Mandriva ni àwọn fẹ́. Ohun tí wọ́n ń jà sí kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ló láṣẹ láti yan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹni tó tà á ni tàbí ẹni tó ń lò ó?

Ohùn kẹrin

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́jọ́ ìpín owó.

Kí ló fa ọ̀rọ̀ pupa yẹn? Èdè Bash ló wà nínú ìwé mi, bẹ́ẹ̀ fish ni ògbufọ̀ tó jókòó. Nínú Bash, tí o bá ní kó ṣe nǹkan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, "do" lo máa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "done" lo máa fi parí rẹ̀. Fish ò gba "do", "end" ló sì máa ń fi parí. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ó dà bí ìgbà tí mo bá fi Hausa bá àgbẹ̀ Gbagyi tí kò gbọ́ Hausa sọ̀rọ̀. Iṣu rẹ̀ ò sọnù. Kò kàn gbọ́ mi ni.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bash. Ògbufọ̀ àtijọ́ jáde láti ibi tó wà. Mo tẹ àṣẹ inú ìwé, ìṣirò sì jáde, kọ́bọ̀ kan ò dín. Alhaja fi ìwé ọwọ́ wọn wò ó, ó bá a mu. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Kì í ṣe torí pé mo mú ògbufọ̀ tuntun, bí kò ṣe pé n ò dán an wò pẹ̀lú iṣẹ́ àtijọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, n ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Owó àjọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan máa fi dá kọ́ ìwà tuntun.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, bó ṣe lọ nìyí. Gbé shell tuntun wọlé ná, ká ní zsh ni: sudo apt install zsh. Má tíì sọ ọ́ di tìrẹ. Tẹ orúkọ rẹ̀ lásán, zsh, kó o bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o fi gbogbo àṣẹ àtijọ́ rẹ dán an wò. Tí o bá fẹ́ jáde, tẹ exit. Tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wo fáìlì /etc/shells kó o rí i pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ àti ọ̀nà ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni kó o tẹ chsh -s pẹ̀lú ọ̀nà yẹn, bíi /usr/bin/zsh. Ó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Jáde, kó o tún wọlé, ó ti di ògbufọ̀ rẹ. Shell ti root, ìyẹn ọ̀gá inú ẹ̀rọ, má fọwọ́ kàn án. Má sì yọ Bash kúrò láé, torí ọ̀pọ̀ ètò inú ẹ̀rọ náà ló ti bá a dá májẹ̀mú.

Ẹ̀bẹ̀ mi fún ìpàdé rè é. Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ká ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ẹlòmíràn kọ́ àṣẹ inú ìwé mi, kó má jẹ́ èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè ẹ̀rọ yẹn. Kí a máa tẹ ìṣirò sórí pépà lóṣooṣù, kí Alhaja máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú ẹ̀rọ náà láàárín oṣù kọkànlá àti ìpín owó, títí kan èmi alára.

Àwọn bàbá wa tó ti Ghana padà wálé lọ́dún 1969 ò sọ pé àwọn ò ní í na ọjà àjòjì mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa fi wà ní Orozo lónìí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tuntun, kó rántí èyí tó gbà wá.

 Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àṣẹ náà, kó yà sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.