Abẹ́rẹ́, Jígí, Lẹ́ńsì: Ìtàn Ojú Lílà ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Nígbà tí mo ń dàgbà ní Arámọkọ, kò sẹ́ni tó ń pe kátárátì ní àìsàn. Wọ́n á kàn ní ojú Bàbá Àgbà ti bò, bí wọ́n ṣe ń sọ pé irun wọn ti funfun. Ọmọ-ọmọ kan á di orí ọ̀pá mú níwájú, àgbàlagbà á di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n á jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òde òkú. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe amọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ilé ìwé lọ déédéé. Èmi náà di ọ̀pá yẹn mú rí, kó tó di pé mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo sì bá ẹ̀ka ojú ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nínú ojú wa, lẹ́yìn ọmọlójú, nǹkan kan wà tó mọ́ gaara, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Lẹ́ńsì nìyẹn, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tí a fi ń ríran. Tí ọjọ́ orí bá ga, ó lè funfun tàbí kó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Gbogbo ẹni tó ti ń tọ́jú kátárátì láti ayébáyé, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí: kí la ó ṣe sí lẹ́ńsì tó bàjẹ́, kí la ó sì fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn èèyàn wa láàrin Ẹ̀fọ̀n, Arámọkọ àti Ìjerò fi ẹ̀kẹta kún un: bí ojú náà bá tún yọnu lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ta la ó lọ bá?

Àwọn onábẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn wọn. Ará Òkè-Ọya ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá sílùú wa. Wọ́n á sọ̀ sí Sábó, ọ̀rọ̀ á sì tàn. Aláìsàn á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnìkan á di orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, onábẹ́rẹ́ á gún ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, á sì ti lẹ́ńsì tó bò náà wọ inú ojú lọ́hùn-ún. Kò yọ ọ́ o. Ó kàn tì í kúrò lójú ọ̀nà ni. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé lójijì. Onábẹ́rẹ́ á na ìka sókè, á ní mélòó nìyí? Bàbá á ní méjì. Ìyàwó á bú sẹ́kún ayọ̀, owó á sì jáde lápò. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Íńdíà ìgbàanì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn wọn. Àmọ́ tó bá yá, ojú ọ̀hún á wú, á pọ́n, omi inú rẹ̀ á máa ti ẹyinjú láti inú wá, ojú á sì kú. Nígbà yẹn, onábẹ́rẹ́ ti dé ìlú mìíràn.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni mo ń sọ. Láàrin 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ojú jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n yẹ ojú àwọn èèyàn tó lé ní 13,000 wò, àwọn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè. Nínú ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kátárátì sí rí, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tì í. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú wọ̀nyẹn ló ti fọ́.

Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí í ṣe ìlú ìyá mi, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1930, lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Oòye ní Iléṣà, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gun òkè wá sí Ẹ̀fọ̀n. Ọkùnrin tó ti ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni, kó tó gbọ́ ìpè ní 1928. Àdúrà àti omi ni wọ́n fi ń wo èèyàn sàn, àwọn afọ́jú sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi wọn. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó mọ ohun tí omi lè ṣe sí lẹ́ńsì àtohun tí kò lè ṣe. Síbẹ̀, ó yé mi ìdí tí àwọn àgbà fi fọkàn tán ibi àdúrà ju onábẹ́rẹ́ lọ. Ibi àdúrà kì í ṣí lọ. Ẹni tó bá lọ lónìí tí ara ò dẹ̀ ẹ́ lè padà lọ lọ́la, yóò sì bá ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí Babalọlá kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin ín sí.

Ti ilé ìwòsàn ló kàn. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n á sọ̀kalẹ̀ gba Ẹrínmọ̀ lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà, ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó padà di ara ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó owó á dé UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957. Dókítà ò ní ti lẹ́ńsì sẹ́yìn bíi ti onábẹ́rẹ́. Ṣe ló máa yọ ọ́ síta, iṣẹ́ tí Jacques Daviel ti kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1747. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi nǹkan kan dípò rẹ̀ nínú ojú. Jígí ni wọ́n á fún aláìsàn, nọ́ńbà rẹ̀ á sì tó +10.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí jígí náà rí kò ní gbàgbé. Ó nípọn láàrin, ó ń sọ ojú tó ń wò ọ́ di ràbàtà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ń rí gbogbo nǹkan bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ìdámẹ́rin tóbi sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan máa ń na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù, ọwọ́ wọn ò ní tíì débẹ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè ga fún gọ́tà tí ọmọdé ń fò kọjá. Ẹni tó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, wọn ò ní rí i títí á fi yọ sí wọn lójijì. Tí ojú kan péré bá sì ni wọ́n là, méjì-méjì ni wọ́n á máa rí nǹkan. Ọjọ́ tí jígí ọ̀hún bọ́ sínú òkìtì èèpo kòkó, tí ẹnìkan sì tẹ̀ ẹ́ fọ́, wọ́n padà sídìí ọ̀pá. Kò sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní Arámọkọ.

Ọkùnrin tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ti gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ọmọ ogun ni Harold Ridley ní Gold Coast, tó ti di Gánà báyìí. Ó lọ sí Funsi ní àríwá ibẹ̀, ó ń yẹ ojú àwọn tí àrùn etí odò ń fọ́ lójú wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1945. Ní Ìlú Ọba, òun náà ló kíyè sí i pé nígbà tí ike Perspex tí wọ́n fi ṣe fèrèsé bàálù ogun fọ́ wọ ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú, ike náà ń jókòó sínú ojú, ojú ò sì bínú sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wò ó bó ṣe ń yọ kátárátì bi í pé kí ló dé tí kò fi òmíràn rọ́pò èyí tó yọ. Ní November 29, 1949, ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ńsì oníke sójú obìnrin kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lẹ́ńsì náà lágbára jù: obìnrin náà ò lè rí ọ̀ọ́kán dáadáa àfi kó wọ jígí tí nọ́ńbà rẹ̀ lé ní -15.

Wàhálà nọ́ńbà ò tíì tán di òní. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Aurolab bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ńsì ní Madurai, ní Íńdíà, ní 1992, owó rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, ó sì ṣeé ṣe fún àwọn tálákà káàkiri ayé láti rí i lò. Lọ́dọ̀ wa náà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó ní 1998, kò sì jìnnà sí Ìjerò. Adó náà ní tirẹ̀. Síbẹ̀, kí nọ́ńbà tó lè bá ojú mu, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọn gígùn ẹyinjú àti bí iwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, dókítà á fi nọ́ńbà kan náà sójú gbogbo èèyàn, tó sábà máa ń jẹ́ 21 tàbí 22. Ojú ẹlòmíràn á gbà á, ti ẹlòmíràn ò ní gbà á. Mo ti rí ìyá kan tó wá láti ibi iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́, tó ń rí òrùlé ilé ọ̀ọ́kán ṣùgbọ́n tí kò lè ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Jígí ìkàwé lásán ló nílò. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ti ká báńà wọn, wọ́n ti lọ.

Ìdí rèé tí mo fi fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì tó ṣeé tún ṣe. Robert Grubbs, onímọ̀ kẹ́míkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005, àti dókítà ojú Daniel Schwartz ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní November 2017. Sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì po èròjà tí ìmọ́lẹ̀ lè yí padà mọ́ ọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú ti jinná, wọ́n á wò ó bóyá nọ́ńbà ṣe déédéé. Tí kò bá ṣe déédéé, wọ́n á tan ìtànṣán ultraviolet sí i, lẹ́ńsì á sì yí ìrísí rẹ̀ padà nínú ojú níbẹ̀ láìsí abẹ. Tó bá tẹ́ aláìsàn lọ́rùn, wọ́n á tan òmíràn sí i kó má baà yí mọ́.

Ohun tó ń béèrè náà ò kéré. Aláìsàn gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Níwọ̀n bí oòrùn ti ní ultraviolet nínú, jígí ààbò kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, títí wọ́n á fi parí. Àgbẹ̀ Ìpotì tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, tó tún ní kòkó láti sá sóòrùn, ẹ ro ìyẹn wò. Lẹ́ńsì yìí ni àkọ́kọ́ nínú ìtàn ojú lílà tí kò lè parí iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí oníṣègùn rẹ̀ ti ká ẹrù lọ.

Nítorí náà, mi ò bá wọn kánjú lórí pé kó dé Èkìtì lọ́la. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọnjú sí ilé ìwòsàn Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ná. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀sì ojú tó ń gbé ìlú síbẹ̀, tí yóò mọ ojú pípọ́n tó le yàtọ̀ sí èyí tí kò le, tí yóò sì ní jígí ìkàwé nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà nílò ìyẹn lónìí, bí lẹ́ńsì olówó iyebíye ọ̀hún bá sì dé, òun náà ò ní lè ṣe láìsí i.