Ìtàn Àwọ̀ Aṣọ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Wa

Ìjà kan wà tí ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ Gbọ̀ngán nígbàkigbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá yọ sórí pápá pẹ̀lú aṣọ tuntun. Kì í ṣe lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gbá bọ́ọ̀lù, bí kò ṣe lórí àwọ̀ ewé tí ó wà lára aṣọ wọn. Ẹnìkan yóò ní ó ti ṣú jù. Ẹlòmíràn yóò ní ó mọ́lẹ̀ jù, pé kò jọ ti àsìá rárá. Àwọn ará ilé ń jà á, àwọn tí ó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń jà á. Nítorí pé tọ̀tún tòsì ni ó ń sọ pé ti àtètèkọ́ṣe ni àwọn ń gbèjà, a rò pé ó yẹ kí á wo ìtàn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Bí ó bá jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe ni, kí a má fi ọ̀rọ̀ bo ara wa lójú: pupa ni. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n borí ní méjì, wọ́n ta ọ̀mì ní méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró ní Freetown, wọ́n sì fi 2–0 lu Sierra Leone ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún náà. Èyí ni a kà sí ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe. Red Devils ni a ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà náà nítorí ẹ̀wù pupa wọn, orúkọ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì inú wa kò jẹ́ fi sọ ọmọ. Lẹ́yìn òmìnira 1960 ni wọ́n pa pupa tì, tí wọ́n di Green Eagles. Ní 1988 ni wọ́n di Super Eagles.

Àwọ̀ ewé yìí kò ṣàdédé wá. Táíwò Akínkúnmi, ẹni tí a bí ní Ìbàdàn ní 1936, ni ó ya àsìá Nàìjíríà. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó rí ìkéde pé ìjọba ń wá ẹni tí yóò ya àsìá fún orílẹ̀-èdè tí ó ń múra òmìnira. Ó fi àwọ̀ ewé sí ọ̀tún àti òsì, ó fi funfun sí àárín, ó sì ya oòrùn pupa tí ó ń ràn sínú funfun náà. Àwọn tí ó yan iṣẹ́ rẹ̀ yọ oòrùn ọ̀hún kúrò. Báyìí ni pupa ṣe kúrò lára àsìá, kò sì pẹ́ tí ó fi kúrò lára aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú.

Ní ayé ìgbà náà, ta ni ìbá jà lórí bí àwọ̀ ewé ti ṣú tó? Rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù, rédíò kò sì ní àwọ̀. Tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959, ṣùgbọ́n àwòrán dúdú àti funfun ni. Lójú rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ lọ sí pápá Liberty ní Ìbàdàn ni ó ń mú ìròyìn àwọ̀ bọ̀ wálé, a sì ń gbà á gbọ́. Láàrin 1970 sí 1979 ni tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé Nàìjíríà. Nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé, tí Múdà Lawal gbá ọ̀kan, tí a fi 3–0 lu Àlgéríà ní Èkó ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta 1980, àwọn ilé kan ti lè rí i pé àwọ̀ ewé ni. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ní àwọ̀ ewé tirẹ̀ ní iyè.

Èdè wa gan-an kò bá wa parí ìjà yìí. Funfun, pupa àti dúdú ní orúkọ tiwọn. Púpọ̀ nínú èyí tí ó kù, ohun tí ó jọ ni a fi ń pè é. A ní àwọ̀ ewé, a kò sọ ewé wo. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mọ́lẹ̀ rekete. Ewé kòkó tí ó ti gbó a máa ṣú; ṣùgbọ́n gbogbo wa tí a dàgbà sí oko kòkó mọ̀ pé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a máa pọ́n kí ó tó di tútù, gẹ́gẹ́ bí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ti ṣe. Àwọn ìyá wa aláró kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan kì í dúdú bí èyí tí a rì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó gbé aṣọ wá a sì sọ èyí tí ó ń fẹ́ kí wọ́n tó rì í.

Ìjà tí ó le jù ni ti 2018, nígbà tí ilé iṣẹ́ Nike gbé aṣọ Ife Àgbáyé ti Rọ́ṣíà jáde. Àwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, apá rẹ̀ sì jẹ́ funfun àti dúdú ní ìlà kọ́lọkọ̀lọ. Wọ́n ní ìrántí aṣọ 1994 ni, ọdún tí Nàìjíríà kọ́kọ́ dé Ife Àgbáyé, tí Ràṣídì Yẹ̀kínì di àwọ̀n mú tí ó ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé Bulgaria. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa kéde pé mílíọ̀nù 3 ni a ti béèrè kí ó tó dé ọjà, àwọn ènìyàn sì tò lọ bẹẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù láti rà á. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwọ̀ àsìá kọ́ nìyẹn. Ní tiwa, ti àwọn àgbà ni a fara mọ́, nítorí orúkọ orílẹ̀-èdè ni aṣọ náà ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n a kò ní bínú sí ọmọ tí ó bá wọ ti 2018 wá sílé. Ó kúkú dára lójú.

Ohun tí ó dùn wá ni pé ní gbogbo ọdún tí a fi ń jà, ẹni tí ó mú àwọ̀ náà wá wà ní Ìbàdàn, ní tòsí wa níhìn-ín. Ó padà wálé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ọ́n. Ní 2014 ni ìjọba àpapọ̀ fún un ní oyè OFR, ó sì kú ní oṣù kẹjọ 2023, ní ẹni ọdún 87. Àwọ̀ ewé àti funfun ni a fi kun ilé rẹ̀.