Bí Ohùn Òṣèré Ṣe Di Wúyẹ́wúyẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Inú àwo bíi ti giramafóònù ni wọ́n gba ohùn fíìmù The Jazz Singer sí lọ́dún 1927. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohùn mọ́ etí fíìmù gan-an. Àyè irú ohùn bẹ́ẹ̀ kéré: èyí tó bá rọlẹ̀ jù, ariwo fíìmù a bò ó mọ́lẹ̀, èyí tó bá ròkè jù, a máa há. Ìdí nìyí tí ìró ìbọn kò fi lè fi bẹ́ẹ̀ ju igbe ènìyàn lọ. Púpọ̀ òṣèré ìgbà náà ti orí ìtàgé wá, wọ́n sì ń pe ọ̀rọ̀ ketekete. Ẹni tó bá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lónìí, ṣàṣà ni ọ̀rọ̀ tí yóò fò ó.

Lọ́dún 1953, fíìmù The Robe gbé ojú ọ̀nà ohùn mẹ́rin wọ sinimá: mẹ́ta níwájú, ọ̀kan fún inú gbọ̀ngàn. Nígbà tó yá, sípíkà àárín di ibùjókòó ọ̀rọ̀ ẹnu, orin àti ariwo sì gba ọ̀tún àti òsì. Ray Dolby, tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní London lọ́dún 1965, wá ọ̀nà láti pa ariwo tó ń dún lẹ́yìn ohùn. Star Wars sì fi ọgbọ́n yìí han ayé lọ́dún 1977. Nígbà tí Batman Returns fi máa gbé Dolby Digital jáde lọ́dún 1992, ojú ọ̀nà ti di márùn-ún, pẹ̀lú ìkẹfà fún ìró tó ń mi àyà, èyí tí wọ́n ń pè ní 5.1. Òṣèré lè wá sọ̀rọ̀ sínú, kí ilé sì wó gbì lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tó pa rọ́rọ́, adùn ni.

Àwo DVD, tó kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1996, kó ohùn yìí wọlé. Ṣùgbọ́n sípíkà méjì péré ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní, ti alágbèéká a tilẹ̀ máa dojú bolẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pọ ojú ọ̀nà mẹ́fà pọ̀ di méjì, ó sábà máa ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 dín ohùn àárín kù kó tó pín in sọ́tùn-ún sósì, níbi tí orin àti ìbúgbàù ti jókòó pa. Olùwòran a yí ohùn sókè kó lè gbọ́ ohun tí ìyàwó ń sọ fún ọkọ. Kó tó ṣẹ́jú, mọ́tò ti gbiná, ará ilé ti jí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan: lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ló ráhùn pé àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú Tenet ti Christopher Nolan, inú gbọ̀ngàn sinimá gan-an ni wọ́n sì ti wò ó.

Àwọn tó ṣe Dolby Digital ti ro ìṣòro wíwo fíìmù nílé yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi àṣẹ pamọ́ sínú ohùn náà, èyí tí ẹ̀rọ lè fi fún ariwo mọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń wo fíìmù lóru. VLC, ètò ìwòran fíìmù lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1996, ní compressor tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá fi ààlà rẹ̀ sí dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì −20, tí ìṣirò rẹ̀ sì jẹ́ 4 sí 1, nínú dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó bá kọjá ààlà, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò jáde. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ ẹnu a sì yọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé èémí àti ariwo afẹ́fẹ́ a bá a gòkè.

Ọ̀nà tó rọrùn jù, tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò, ni kí wọ́n yan ohùn stereo, ìyẹn olójú ọ̀nà méjì, dípò 5.1 bó bá wà níbẹ̀, nítorí ìyẹn lè jẹ́ èyí tí ènìyàn fi etí ara rẹ̀ tò. Netflix ní tirẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ohùn fíìmù, ó sì fi í sí −27 LKFS, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó létí. Ìwọ̀n yìí ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú fíìmù kan bá ti èkejì dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ṣì fàyè gba ìbúgbàù láti dún jù ú lọ dáadáa.