Adélabù Dá Dúró: Ohun tí Ó Fẹ́ fún Ìjọba Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo mú wá lónìí, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Òkè-Olúòkun ní ìlú Ìbàdàn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915. Gbàdàmọ́sí Adégòkè Adélabù ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n ju "Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì" lọ. Ó sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ilé Ìgbìmọ̀, "peculiar mess", àwọn ará ìlú sì fi ẹnu Ìbàdàn gbé e, ó di orúkọ fún gbogbo rúdurùdu. A máa ń fi orúkọ yẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín tán, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ọkùnrin yìí fẹ́ kí wọ́n ṣe sí Nàìjíríà gan-an?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìbò ti rí nígbà náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìdí tí a fi ń sọ pé Adélabù dá dúró. Ìwé Òfin ọdún 1979 ni ó sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni ó lè tọrọ ìbò lọ́wọ́ ará ìlú. Ti ọdún 1999 náà kò sì yí i padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1951. Àwọn tí ń san owó orí ní àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ yan aṣojú. Àwọn aṣojú wọ̀nyí tún jókòó, wọ́n yan àwọn mìíràn. Ìpele-ìpele bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀ Oòrùn, tí ó ní ọgọ́rin ìjókòó tí wọ́n ń dìbò sí. Ilé tí ènìyàn ti wá, ìwà rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹgbẹ́ ni ó kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dìbò tán, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní àwọn ni àwọn borí, ẹgbẹ́ alákùkọ ti Nnamdi Azikiwe, èyíinì NCNC, náà ní àwọn ni. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí lẹ́nu àwọn àgbàlagbà títí di òní.

Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ̀wé ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1951 kan náà, wọ́n pè é ní Ibadan People's Party. Wọn kì í ṣe ti ọ̀pẹ, wọn kò sì wọ ẹgbẹ́ àkùkọ ní gbangba. Ti Ìbàdàn ni wọ́n. Ìjà tí ó gbé wọn dìde ni ìjà Olóyè Sàlámì Àgbájé, Ọ̀tún Balógun, ọlọ́rọ̀ tí àwọn mọ́gàjí àti àwọn olóyè kéékèèké kò fẹ́ kí ó jọba. Adélabù wà láàárín ìjà yẹn dáadáa, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn mọ́gàjí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Ọ̀gbẹ́ni Butcher láti ṣe ìwádìí. Kò rí ẹ̀bi ńlá lọ́wọ́ Àgbájé, ṣùgbọ́n ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n yọ àwọn ìlú Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Ìbàdàn wọnú eegun. Nígbà tí ìbò dé, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí kó gbogbo ìjókòó mẹ́fà tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn.

Oṣù Kíní ọdún 1952 ni Ilé Ìgbìmọ̀ jókòó. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà náà bá ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ lọ. A. M. A. Akínlóyè tí ó jẹ́ olórí wọn di mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ku Adélabù nìkan, òun sì jókòó ti NCNC.

Èmi kì í bá àwọn tí ń pe àwọn márùn-ún náà ní ọ̀dàlẹ̀ fohùn. Àárín Ìbàdàn ni ìjọba ẹkùn náà fìdí kalẹ̀ sí. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa pín ẹran ní àgbàlá òun kí òun má sí níbẹ̀? Ìrònú wọn nìyẹn, kì í sì í ṣe ìrònú òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó nígbà tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, ó di dandan kí ó sọ ìdí tí òun fi jókòó. Adélabù sọ ọ́, ó sì tún kọ ọ́. Ní ọdún 1952 náà ni ó tẹ ìwé kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Africa in Ebullition. Bí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, a lè sọ pé "Áfíríkà ń Hó". Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le bí ojú ẹja. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni mìíràn yóò ní láti gbé ìwé atúmọ̀-èdè sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó lè kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ kò ṣòro. Kí òyìnbó lọ. Kí Nàìjíríà jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yà pín wa. Kí ọrọ̀ ilẹ̀ yìí má ṣe wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà kan ṣoṣo yìí ni ó kó o sí ìyọnu jù lọ láàárín àwa Yorùbá. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ó ti ta Yorùbá fún Igbo. Ẹ rántí pé ọdún 1952 yìí náà ni Azikiwe, tí àwọn ará Èkó ti yàn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, kò rí ọ̀nà lọ sí Ilé Aṣòfin gbogbo Nàìjíríà, nítorí pé Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ni ó ń yan àwọn tí yóò lọ, wọn kò sì yàn án. Kí ọmọ Ìbàdàn, tí ó gbó nínú Yorùbá, wá máa jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Azikiwe láàárín irú ilé bẹ́ẹ̀, ó gba àyà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìkórìíra ọlọ́pẹ ni, kì í ṣe ìfẹ́ Nàìjíríà. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Bí ẹ bá dúró ní Ọjà'ba tí ẹ wo òkè, Gbọ̀ngàn Mápó ni ẹ óò rí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà, àwọn àdúgbò tí òrùlé páànù kan ara wọn, tí agbo ilé kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn nínú. Níbẹ̀ ni agbára Adélabù wà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ka Africa in Ebullition. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé owó orí ń gorí, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gé kòkó àwọn lóko, àti pé àwọn olóyè àwọn kò ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́ bí ti àtijọ́. Adélabù kó nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀, ó sọ wọ́n di ètò òṣèlú.

Kòkó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àrùn kan wà tí ó ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú, igi náà yóò sì kú díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ní kò sí oògùn rẹ̀ ju pé kí wọ́n gé igi tí ó ti ràn lọ. Lójú onímọ̀ nípa ọ̀gbìn, òótọ́ ni. Lójú àgbẹ̀, igi tí ó ṣì ń so ni wọ́n ń gé. Àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀ láti fi kọ̀ ọ́. Adélabù so Máyégún pọ̀ mọ́ àwọn mọ́gàjí àti àwọn olóyè, ó sọ orúkọ rẹ̀ ní Mábọlájẹ́, èyíinì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba ọlá jẹ́, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ti NCNC lẹ́yìn. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ ṣe ní ọdún 1952 ti gbé agbára lé àwọn kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn lọ́wọ́, ó sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olóyè. Ó ṣeni ní kàyéfì pé ọkùnrin tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tálákà ń gbèjà olóyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé a kì í jẹ ọba wa nítorí pé a bí ènìyàn sí ilé ọba. Láti mọ́gàjí ni a ti ń gun àkàsọ̀ lọ, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo agbo ilé ni ó ní ìrètí pé ọjọ́ kan ti tiwọn yóò dé orí àkàsọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ba àkàsọ̀ jẹ́, ìrètí gbogbo wọn ni ó bà jẹ́.

Ó wá ku owó orí, èyí tí ó gba ìrònú jù. Ìjọba Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí gbogbo ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi owó ẹ̀kọ́ àti ìlera kún owó orí láti fi ṣe é. Adélabù lòdì sí àfikún náà, ó ń pariwo rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Olùkọ́ ni mí, ẹ má retí pé kí n sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dára. Ní ọdún 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn tó nǹkan bíi 457,000. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1955, wọ́n ju 811,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń kọ́ni lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn 811,000 yẹn ni wá. Síbẹ̀ ìbéèrè Adélabù ṣì dúró: ta ni yóò san án? Iye kan náà ni wọ́n bù lé ẹni tí ó ní oko ńlá lórí àti ẹni tí ń ru igi tà ní Ọjà'ba. Bí mo bá wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni ǹ bá dìbò fún, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì bá balẹ̀.

Àwọn ará ìlú kò ní irú ìṣòro ọkàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954 Mábọlájẹ́ àti NCNC gba kánsù Ìbàdàn, Adélabù di alága ní Mápó. Nígbà tí ìbò gbogbo Nàìjíríà dé ní ìparí ọdún náà, àkùkọ borí ọ̀pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn gan-an, 23 nínú 42. Nítorí èyí, NCNC ni ó yan àwọn mínísítà mẹ́ta tí yóò ti Ìwọ̀ Oòrùn lọ sí Èkó: Adélabù, Kọ́lá Balógun àti Festus Okotie-Eboh. Ọmọ ogójì ọdún ni kò tíì pé nígbà tí ó di mínísítà ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ àti ìtọ́jú ará ìlú ní oṣù Kíní ọdún 1955, tí ó sì tún ń ṣe alága ní Mápó lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ méjèèjì wúwo jù fún orí kan. Ìjọba ẹkùn rán Ọ̀gbẹ́ni E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó wá wo ìwé kánsù. Ohun tí ó kọ kò dára fún alága. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Adélabù ní ọ̀tá ni ó rán adájọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀tá ni ó rán an, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá ni ó kọ ìwé ìṣirò kánsù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956 Adélabù fi ipò mínísítà sílẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ará Ìbàdàn tún dìbò fún un, ó padà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ọ̀pẹ ní 48, àkùkọ ní 32.

Láti orí ìjókòó yẹn ni ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó rú ènìyàn lójú: ó ní kí wọ́n yọ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, kí wọ́n di ìpínlẹ̀ Yorùbá Àárín. Ṣé ẹni tí ń fẹ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo ni ó tún ń fẹ́ ìpínyà? Mo ti gbọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń fi èyí bú u. Lójú mi, ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu. Láti ọdún 1954 agbára ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹkùn mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó láti dá gbé. Bí ẹ bá gé àwọn ẹkùn náà kéékèèké, kò sí èyí tí yóò lè pàṣẹ fún àárín mọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Bí ó bá sì tún jẹ́ pé Adélabù ni yóò ṣe olórí ìpínlẹ̀ tuntun náà, ǹjẹ́ òun yóò ha kọ̀ ọ́ bí?

Kò rí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, ọkọ̀ tí ó wọ̀ láti Èkó bọ̀ ní ìjàǹbá nítòsí Òde Rẹ́mọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ọmọ ọdún 42 ni. Ìròyìn dé Ìbàdàn, àwọn ènìyàn kò gbà pé ìjàǹbá lásán ni. Wọ́n kọlu àwọn ọlọ́pẹ àti àwọn agbowó orí, ní ìgboro àti ní oko. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé. Ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún àwọn kan lẹ́yìn náà. Àwọn tí ó kú nínú rògbòdìyàn yẹn, àwọn ènìyàn tí ó ń bá wọn ra ẹ̀kọ ní ọjà kan náà ni wọ́n pa wọ́n.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun fọ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ìbàdàn ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ìlú Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀ títí di ọdún 1991. Kò sí ẹni tí ó dìbò sí i. Adélabù ìbá ti jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà.