Ohùn Ni Í Jí Ẹni Inú Ìwé

Ìwé tí a pa dé dà bí ọkọ̀ tí a so mọ́ èbúté: ó lè gbé ni dé ibi jíjìn, ṣùgbọ́n kì í ṣí bí ẹnikẹ́ni kò bá mú àjẹ̀. Ní tèmi, ohùn ni àjẹ̀ ìwé Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Èkó. Láàrin 1929 sí 1930, Isaac Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Olóòtú fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n; kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Kí ló fà á? Thomas kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀: ó dárúkọ àdúgbò, ó mẹ́nu ba orin ìgbà náà. Ẹni tí a bá ń kà á sí létí yóò rò pé obìnrin náà jókòó tì í.

Ní 1938, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀, Àkàrà-ògùn wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kí ó mú ìwé àti kálàmù. Ó ń sọ, òǹkọ̀wé ń kọ, èrò sì ń pọ̀ sí i láti gbọ́. Láyé ìgbà náà, àwọn tó mọ̀wé kò pọ̀; ọmọ ilé-ìwé ni í kà á fún àgbà. Báyìí ni ìtàn ti ẹnu bọ́ sínú ìwé, tí ó sì tún padà sẹ́nu. Ojú lè fo àmì ohùn. Ẹnu kò lè fò ó, nítorí ó gbọ́dọ̀ yàn láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìlàjẹ. Álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní lẹ́tà fún ìró gh tí ó wà nínú ẹ̀ka-èdè wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìlàjẹ bá ń kàwé sókè, ahọ́n ilé rẹ̀ a máa yọ nínú rẹ̀. Bí ó bá ka Ìrèké Oníbùdó, tí ó jáde ní 1949, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ Arọ̀gìdìgbà, obìnrin inú omi, kì í ṣe àlejò ni ó bá pàdé. Àwọn tí ilé wọn dúró lórí òpó lójú omi ti mọ̀ pé ibú ní olúwa.

Òkun kan náà ni ó ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Àwọn kan sì ti ṣí kúrò. A lè tún ìwé tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùgbọ́ bá fọ́n ká, tí ọmọ wọn kò sì gbọ́ ohùn náà mọ́, ilé ìtẹ̀wé wo ni yóò bá wa tún un tẹ̀? Nítorí náà, mo rọ àwọn olùkọ́ àti òbí pé kí wọ́n máa kàwé sókè fún ọmọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ohùn ilé rẹ̀ kà á padà fún wọn.