Bí ọparun inú ọ̀sà Abidjan ṣe fi oúnjẹ ẹja han àwọn onímọ̀

Ẹni tó bá wo ọ̀sà Ébrié láti orí afárá ní Abidjan, omi lásán ni yóò rí.

Àmọ́ inú omi náà ni algae wà, ìyẹn àwọn ewéko kéékèèké tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, tí ọ̀pọ̀ ẹja sì ń jẹ.

Kí ni acadja?

Lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Ganvié wà, ó ti pẹ́ tí àwọn apẹja ti máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi. Acadja ni wọ́n ń pè é.

Algae á hù sára igi náà, ẹja á wá jẹ ẹ́, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀ka igi máa ń jẹrà, wọ́n á sì tún lọ gé òmíràn nínú igbó.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Layo

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun Abidjan, CRO, gbé ọgbọ́n yìí lọ sí Layo, lẹ́bàá Dabou.

Ọparun ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ dípò ẹ̀ka igi, wọ́n sì fi àwọ̀n yí i ká. Wọn kò fún ẹja epìyà inú rẹ̀ lóúnjẹ, síbẹ̀ ẹja tí wọ́n rí kó pọ̀ ju ti ọgbà tí kò ní ọparun lọ.

Kí ló ń mú algae hù?

Ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ojú omi Vridi sí òkun lọ́dún 1950, omi iyọ̀ ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, tí odò Comoé sì kún, iyọ̀ á dín. Ìdọ̀tí ìlú náà tún ń ṣàn sí i. Èwo nínú wọn ló ń mú algae pọ̀?

Ibí ni photobioreactor ti wúlò, ìyẹn ìgò tí kọ̀ǹpútà ń darí ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ Michigan State University l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí irú èyí tó lè fara wé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà láti àárọ̀ di alẹ́.

Bí owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń wálẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i yóò ṣe lè yí ohun kan ṣoṣo padà, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Fún apẹja Ébrié, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Bí algae bá dín, oúnjẹ ẹja dín nìyẹn. Bó bá sì pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ inú omi lè tán, kí ẹja sì kú.