Kumasi: Ta ló ń yan olórí ìlú, ta sì ni olórí ìlú ń jíhìn fún?

Bí gọ́tà bá dí ní Bantama, bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ọjà Kejetia, tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ní Nhyiaeso, ọ́fíìsì kan náà ni àwọn ará Kumasi ń forí lé: Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlú Ńlá Kumasi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí KMA. Ẹni tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní méyọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ Gánà ti ọdún 1992 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ará Kumasi kankan kò tíì tẹ̀ka láti yan méyọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ó ń fa ẹni náà kalẹ̀ láti Accra.

Síbẹ̀, Ààrẹ kò lè dá a ṣe. Àwọn aṣojú tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ẹni tí Ààrẹ mú wá. Ibi kékeré yìí ni ohùn ará àdúgbò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣàkóso ìlú.

Báwo ni ìjọba ìbílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Kumasi?

Kumasi ni olú ìlú ẹkùn Ashanti àti ibùjókòó Asantehene, ọba gbogbo ilẹ̀ Asante. Ní ọdún 1925, lábẹ́ àwọn òyìnbó amúnisìn, ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìlera kan sílẹ̀ láti máa mójú tó ìmọ́tótó, ọjà àti ilé kíkọ́. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni Ọba Prempeh Kìíní padà dé láti erékùṣù Seychelles, níbi tí àwọn òyìnbó lé e lọ. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ní ọ̀nà àṣẹ méjì: ti ààfin Manhyia àti ti ọ́fíìsì ìjọba.

Ètò tí ó wà lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1988, nígbà tí ìjọba ológun Jerry Rawlings ṣe òfin tí ó pín orílẹ̀-èdè náà sí agbègbè ìbílẹ̀ 110. Òfin 1992 gbà á wọlé, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 2016 sì tún un tò. Lónìí, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ 261 ni ó wà ní Gánà, oríṣi mẹ́ta sì ni wọ́n: ti ìlú ńlá, ti ìlú àárín àti ti agbègbè. KMA wà lára àwọn ti ìlú ńlá.

Àwọn wo ni ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà?

Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń dìbò yan aṣojú kan. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìdìbò yìí ń wáyé, òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó oṣù mẹ́fà. Èyí tí ó wáyé kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, 2023.

Yàtọ̀ sí àwọn tí a dìbò yàn, Ààrẹ lè yan àwọn mìíràn tí iye wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 ìgbìmọ̀ náà lọ, lẹ́yìn tí ó bá ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn ọba àti àwọn ẹgbẹ́ ìlú. Àwọn aṣòfin tí agbègbè wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú máa ń jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìbò. Láàárín àwọn aṣojú ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò máa darí ìjókòó. Òun àti méyọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà.

Òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ìdìbò aṣojú wọ́ọ̀dù. Kò sí àmì ẹgbẹ́ lórí ìwé ìdìbò. Èrò àwọn tí ó ṣe òfin náà ni pé ọ̀rọ̀ omi, ààtàn àti ilé ẹ̀kọ́ kò yẹ kí ó pín àdúgbò sí ọ̀nà méjì. Gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kì í jìnnà sí ìdìbò náà, bí wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn sí i.

Aṣojú wọ́ọ̀dù kì í gba owó oṣù. Owó ìjókòó ni wọ́n máa ń fún un nígbà ìpàdé. Òun sì ni ará àdúgbò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ìyọnu bá dé.

Báwo ni méyọ̀ ṣe ń dé orí àga?

Ààrẹ yóò fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́. Àwọn aṣojú yóò péjọ sínú gbọ̀ngàn, àjọ elétò ìdìbò yóò gbé àpótí kalẹ̀, wọn yóò sì dìbò. Bí ìbò kò bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: ìbò mìíràn lè wáyé, tàbí kí Ààrẹ mú orúkọ ẹlòmíràn wá.

Sáà ọdún mẹ́rin ni méyọ̀ ń lò, kò sì lè lò ju sáà méjì tẹ̀lé ara wọn lọ. Ààrẹ lè yọ ọ́ nígbàkigbà. Ìgbìmọ̀ pẹ̀lú lè yọ ọ́, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣojú bá sọ pé àwọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Ọ̀nà yìí ni Patricia Appiagyei gbà di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ méyọ̀ Kumasi nígbà ìjọba Ààrẹ John Kufuor. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kojo Bonsu jẹ ẹ́ lábẹ́ Ààrẹ John Mahama, Osei Assibey Antwi àti Samuel Pyne sì jẹ ẹ́ lábẹ́ Ààrẹ Nana Akufo-Addo. Nígbà tí Mahama padà sórí àlééfà ní 2025, Richard Ofori Agyemang Boadi ni ó fà kalẹ̀, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú àwọn orúkọ yìí. Ẹgbẹ́ NPP ni ọ̀pọ̀ ará Kumasi máa ń dìbò fún, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ NDC bá gba ìjọba ní Accra, ọmọ ẹgbẹ́ NDC ni ó máa ń di méyọ̀ wọn. Àwọn alátakò ètò náà sọ pé ẹni tí ó yan méyọ̀ ni méyọ̀ máa ń bẹ̀rù. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn dáhùn pé Accra ni ọ̀pọ̀ owó ti ń wá, àti pé méyọ̀ tí ó bá ń bá Ààrẹ jà lè jẹ́ kí ìlú pàdánù.

Òótọ́ ni pé owó ń ti Accra wá. Òfin sọ pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò àjùmọ̀ní tí wọ́n ti ń pín owó fún gbogbo ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Owó orí ilé, owó ìwé àṣẹ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ń pa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Juaben

Ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Kumasi ni ó fi han gbogbo Gánà bí ìbò àwọn aṣojú ti níye lórí tó. Ní oṣù Kọkànlá, 2021, àwọn aṣojú Juaben kọ̀ láti fọwọ́ sí ẹni tí Ààrẹ Akufo-Addo fà kalẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ tí fídíò kan tàn káàkiri, nínú èyí tí ọkùnrin náà ti ń béèrè owó padà lọ́wọ́ àwọn aṣojú. Ní 2022, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àkànṣe tí ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ fi ẹ̀sùn kàn án.

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn rí dì mú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Èkíní ni pé ìgbìmọ̀ ìlú kékeré lè sọ fún Ààrẹ pé rárá. Èkejì ni pé níbi tí ìbò àwọn ènìyàn díẹ̀ bá ti lè gbé ẹnì kan dé ipò, ìdẹwò láti fi owó ra ìbò kò ní jìnnà.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ọjà Kejetia?

Àwọn oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní 2015, lábẹ́ Ààrẹ Mahama, ni ilé-iṣẹ́ Contracta láti Bràsíl bẹ̀rẹ̀ sí tún Kejetia kọ́. Ìjọba Akufo-Addo ni ó ṣí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì ní ojúkò ọjà àtijọ́ ní 2019. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ṣètò owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kan tí KMA dá sílẹ̀ ni ó ń ṣàkóso ìsọ̀ àti ìmọ́tótó níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí awuyewuye dé lórí owó iná mànàmáná ní 2022, àti nígbà tí iná jó àwọn ìsọ̀ kan ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 2023, ìbéèrè kan náà ni ó jáde: ta ni kí a di ẹjọ́ yìí rù? Ìbéèrè náà tún padà wá nígbà tí iná ńlá jó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Adum ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, 2025.

Ìlú kan, ìgbìmọ̀ púpọ̀

Ètò ìkànìyàn 2010 fi hàn pé àwọn olùgbé Kumasi lé ní 2,000,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé ìlú náà sí wẹ́wẹ́. Asokore Mampong dá dúró ní 2012. Ní 2018, Oforikrom, Asokwa, Kwadaso, Suame àti Old Tafo di ìgbìmọ̀ tiwọn. Nígbà ìkànìyàn 2021, àwọn tí ó kù lábẹ́ KMA jẹ́ nǹkan bí 444,000.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìjọba sún mọ́ ará àdúgbò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé omi òjò àti ìdọ̀tí kò mọ ààlà. Mẹkáníìkì tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Suame Magazine, tí ó ń gbé Asokwa, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń tajà ní Kejetia, ní ìgbìmọ̀ mẹ́ta láti bá ṣe.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ti àga ọba Asante ni ilẹ̀ Kumasi. Otumfuo Osei Tutu Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1999, kò sí nínú KMA, ṣùgbọ́n kò sí méyọ̀ tí ó lè ṣe àṣeyọrí bí kò bá fetí sí ohùn Manhyia.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé Kumasi ńkọ́?

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Kumasi. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Àwọn kan padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn kan kò sì lọ rárá. Ní Zongo Kumasi, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣì ní olórí tirẹ̀ tí ń parí ìjà, tí ń ṣètò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, tí ó sì ń gbẹnu sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ níwájú ìjọba.

Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀yà kò ní ìbò nínú ìgbìmọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó ti tó ọdún 18, tí ó sì forúkọ sílẹ̀, nìkan ni ó lè dìbò. Yorùbá tí ó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gánà lè dìbò, ó sì lè díje. Ẹni tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà láìní ohùn nínú bí a ó ṣe ná an. Òfin ìdókòwò ti 2013 tilẹ̀ ya ọjà títà ní ìsọ̀ inú ọjà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Gánà, èyí tí ó ti dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò Gánà àti ti Nàìjíríà.

Ṣé òfin yóò yí padà?

Ààrẹ Akufo-Addo gbìyànjú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ará ìlú máa dìbò yan méyọ̀, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì lè kópa. Apá kejì yìí kò lè ṣeé ṣe láìjẹ́ pé gbogbo orílẹ̀-èdè dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ìdá 40 nínú 100 àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, ìdá 75 nínú 100 àwọn tí ó dìbò sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Wọ́n fi ìbò náà sí ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, 2019. Nígbà tí NDC àti àwọn mìíràn lòdì sí ìkópa ẹgbẹ́ òṣèlú, Ààrẹ fagi lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ìdìbò àwọn aṣojú wọ́ọ̀dù nìkan ni ó wáyé lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kìíní, 2025, Ààrẹ Mahama gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀ láti yẹ òfin ilẹ̀ náà wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwasi Prempeh sì ni alága rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Òfin 1999 sọ pé ìdìbò ni kí a fi yan àwọn tí yóò ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ 774, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ gómìnà fi alága fìdíhẹ jókòó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé èyí lòdì sí òfin, àti pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ní Nàìjíríà, òfin fún ará ìlú ní ìbò, gómìnà ń gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Gánà, òfin fúnra rẹ̀ ni kò fún wọn.

Bí òfin Gánà kò bá yí padà, ọdún 2027 ni àwọn ará Kumasi yóò tún yan aṣojú wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ kì í ka ìdìbò náà sí. Àwọn tí ń jáde fún un kéré púpọ̀ sí àwọn tí ń jáde fún ìdìbò Ààrẹ, èyí tí ìdá 79 nínú 100 kópa nínú rẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú tí wọ́n yàn ní 2019 ni ó dìbò lórí méyọ̀ ti 2021, àwọn ti 2023 sì ni ó dìbò lórí méyọ̀ ti 2025. Àwọn tí wọ́n bá yàn ní 2027 ni yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn nígbà tí Ààrẹ tí ó bá wọlé ní ìdìbò 2028 bá fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́.